Ẹ Wọn Oúnjẹ Kí Ẹ Tó Gún Ìnsúlínì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àtọ̀gbẹ. Yúnìtì 6 ìnsúlínì (oògùn tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀), irú èyí tó ń yára ṣiṣẹ́, ni mo ń gún kí n tó jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo sì ń gún èyí tó ń pẹ́ lára bí mo bá fẹ́ sùn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi á lé ní 250 mg/dL ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí mo bá gún òmíràn láti fi fà á wálẹ̀, òógùn á bò mí lóru, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Yúnìtì yín kì í yí padà, ṣùgbọ́n oúnjẹ yín ń yí padà. Oúnjẹ afáralókun bí ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀dùnkún àti èso ló ń gbé ṣúgà sókè jù. Nínú 100 giráàmù ìrẹsì funfun tó ti jinná, nǹkan bí giráàmù 28 ni afáralókun. Ẹni tó bu 150 giráàmù ìrẹsì ti jẹ nǹkan bí giráàmù 42 afáralókun. Ẹni tó bu 300 ti jẹ 84. Ojú lásán kì í mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, nítorí náà ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ gbé àwo òfìfo lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá bu oúnjẹ sí i. Bí oúnjẹ inú páálí bá ni, àpapọ̀ afáralókun ni kí ẹ kà lára rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìlà ṣúgà nìkan máa ń gún kéré jù.

Ẹ wá bi dókítà yín: giráàmù afáralókun mélòó ni yúnìtì ìnsúlínì kan ń ká lára yín? Bó bá jẹ́ 10, giráàmù 42 gba nǹkan bí yúnìtì 4, 84 sì gba 8. Àpẹẹrẹ lásán nìyẹn o! Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ 6 tàbí 15, ti àárọ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti alẹ́.

Ní ti òru, ìnsúlínì tó ń yára máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ó sì lè wà lára tó wákàtí 4. Ní wákàtí kejì tí ẹ gún òmíràn, ti àkọ́kọ́ ò tíì parí. Méjèèjì á para pọ̀, ṣúgà á já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti sùn. Ìyẹn ló ń mú kí òógùn bò yín, tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 4 pé, àfi bí dókítà bá fún yín ní ìlànà mìíràn.

Bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 lọ, ẹ mu omi èso 150 mílílítà, tàbí ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan nínú omi. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún mu ún. Ṣokoléètì kò dára fún èyí, ọ̀rá inú rẹ̀ ń fa ṣúgà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Bí àìsàn ò bá jẹ́ kí n lè jẹun, ṣé kí n fi ìnsúlínì sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ má fi èyí tó ń pẹ́ lára sílẹ̀, nítorí àìsàn fúnra rẹ̀ ń gbé ṣúgà sókè. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí 2 sí 4, ẹ máa mu omi, ẹ sì pe dókítà nípa ìnsúlínì tí ẹ ń gún kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá ń bì, tí inú ń run yín, tí èémí yín ń rùn bí èso, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn.