Ṣé èdè méjì ló ń dá ọmọ ọdún kan ààbọ̀ dúró láti sọ̀rọ̀?

Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ní nílé yín ní Òṣogbo, màmá àgbà ń sọ Yorùbá sí i, ẹ̀yin ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì ju bíi mẹ́wàá lọ. Ṣé ẹ ka ti èdè méjèèjì pọ̀?

Ní nǹkan bí oṣù 12 ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ("bàbá lọ") tí wọ́n bá fi pé ọdún 2. Ohùn ọ̀rọ̀ (dò, re, mí) máa ń tètè yọ̀ mọ́ ọmọ Yorùbá lẹ́nu ju àwọn kọ́ńsónáǹtì tó le (bíi gb) lọ. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ó lè pe ẹ̀gbọ́n ní "ẹ̀bọ́n", síbẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè á wà láàyè wọn. Ìtumọ̀ àti ètò gbólóhùn náà ń bọ̀, láìsí tíṣà kankan.

Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń ra ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba. Tẹlifíṣọ̀n ò lè ṣe é, kì í dáni lóhùn.

Àmọ́ tí kì í bá yíjú nígbà tẹ́ ẹ bá pè é, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bá ń pòórá, ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí.