Ìwé wọn ní kí n tẹ “nosetests”, kọ̀ǹpútà mi kọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ dá sí iṣẹ́ open source kan (èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn) tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ. Nínú ìwé CONTRIBUTING wọn, wọ́n ní ẹni tó bá tún kóòdù ṣe gbọ́dọ̀ tẹ “nosetests” láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí Python 3.11, ó da ọ̀rọ̀ gígùn jáde, ìlà tó kẹ́yìn sì ni: AttributeError: module 'collections' has no attribute 'Callable'. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, bákan náà ni. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni? Ojú ń tì mí láti bi wọ́n. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìwọ kọ́, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Ìwé wọn ló ti gbó.

nose, ohun èlò ìdánwò kóòdù tí àṣẹ yẹn ń pè, ti dúró lójú kan láti ọdún 2015 tí ẹ̀dà 1.3.7 jáde. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ wo nose2 tàbí pytest, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Python ní tiẹ̀ kò dúró. “Callable”, orúkọ kan tí nose ń lò nínú Python, ti kó lọ sínú “collections.abc” láti ẹ̀dà 3.3, wọ́n kàn fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Nígbà tí 3.10 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, wọ́n yọ ọ́. nose ṣì ń wá a níbi tí kò sí mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ké.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni ojú tó ń tì ọ́ yẹn. Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà kì í ka ìwé yẹn mọ́. Wọ́n ti há àṣẹ tí wọ́n ń lò sórí. Ẹni tuntun nìkan ló ń kà á. Ẹni tuntun yẹn náà ló máa rò pé òun ni òun ò mọ nǹkan kan, á sì rọra bá tirẹ̀ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Wo inú fódà “.github/workflows” nínú kóòdù wọn. Fáìlì tó wà níbẹ̀ ni GitHub, ibi tí wọ́n tọ́jú kóòdù náà sí, ń tẹ̀ lé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi àtúnṣe ránṣẹ́. Bí àṣẹ inú rẹ̀ bá bàjẹ́, àmì pupa á yọ lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á sì wá nǹkan ṣe sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ “python -m pytest” lo máa bá níbẹ̀. Èyí tó o bá bá ni kí o tẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú iṣẹ́ báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ yé kọ àṣẹ kan náà síbi mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sínú tox.ini, fáìlì ètò tox, ohun èlò tó ń bá ni tẹ àṣẹ ìdánwò, kí ìwé yín ní “ẹ tẹ tox”, kí fáìlì workflow náà tẹ tox. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò lórí nose bọ́ sórí pytest, tox.ini nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn, ìwé yín á ṣì jẹ́ òótọ́. Àpẹẹrẹ kóòdù inú ìwé náà ní ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò: doctest, iṣẹ́ Tim Peters, ti wà nínú Python láti ẹ̀dà 2.1, lọ́dún 2001. Ohun tí àpẹẹrẹ bá sọ ló máa ṣe, á wá fi èsì wé èyí tí ẹ kọ. Ní ti Rust, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, àṣẹ ìdánwò rẹ̀ “cargo test” ń ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Ọjọ́ “a tún èyí ṣe kẹ́yìn” tí àwọn kan ń kọ sókè ìwé kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, lójú tèmi.

Àbúrò, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ ti dé. Má wulẹ̀ bi wọ́n, fi àtúnṣe ránṣẹ́. Tẹ “git grep -n nosetests”, á fi gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà hàn ọ́, títí kan README àti Makefile. Wá “setup.py test”, àṣẹ ìdánwò àtijọ́ mìíràn, náà, torí láti 2019 ni setuptools, ohun èlò tó ni àṣẹ náà, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Tún gbogbo wọn ṣe nínú pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe rẹ wọlé) kan ṣoṣo, kí o kọ ẹ̀dà Python rẹ àti ìlà àṣìṣe yẹn sínú àlàyé, bó o ṣe kọ ọ́ sí mi. CHANGELOG, ìwé ìtàn àwọn àtúnṣe àtẹ̀yìnwá, nìkan ni kí o fi sílẹ̀ bó ṣe wà: nose ni wọ́n lò lóòótọ́ nígbà náà.