Ṣé Mo Lè Gbé Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin Lọ sí Etíkun Ilẹ̀ Òkèèrè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo ìsinmi wa ní Yúróòpù, bóyá kí a gba Amẹ́ríkà padà, etíkun ni a sì fẹ́ máa jókòó sí jù. Mo ní ẹ̀rọ aṣàwárí irin kékeré kan tí mo fẹ́ gbé dání. Ṣé òfin gbà á? Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ náà máa ń ké ṣáá bí mo bá ti dé ibi tí omi òkun ti rin iyanrìn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ rárá, n óò sì ṣàlàyé ohun tó fà á láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfin, nítorí òun ló lè sọ ìsinmi di ẹjọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ra ẹ̀rọ yìí. Ohun tí òfin ń wò ni ohun tí ẹ fẹ́ fi í wá, àti ẹni tó ni iyanrìn tí ẹ dúró lé. Ní Faransé, láti ọdún 1989 ni òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í wá ohun tó jẹ mọ́ ìtàn tàbí iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba ní agbègbè náà, òfin yìí kò sì yọ etíkun sílẹ̀. Ti Gíríìsì àti Swídìn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lílo ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ fún. Ní Sípéènì, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n gbà láyè ní ẹkùn kan lè di ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹkùn kejì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn díẹ̀. Crown Estate, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ Adé, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ ti ipò ọba, gba àwọn ènìyàn láyè láti wá nǹkan lórí iyanrìn tirẹ̀ tó wà láàárín ibi tí omi ń kún dé àti ibi tó ń fà sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo etíkun ló jẹ́ ti Adé. Àwọn kan wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti aládàáni. Bí ẹ bá rí ohun tí òfin ọdún 1996 kà sí ìṣúra, ọjọ́ 14 péré ni ẹ ní láti fi tó aláṣẹ létí, bí ó bá sì jẹ́ ohun tó jábọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi tó rì, ọjọ́ 28 ni.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún etíkun tó bá wà lábẹ́ àjọ National Park Service, tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀, bíi Cape Hatteras ní North Carolina. Níbẹ̀, kì í ṣe lílo ẹ̀rọ náà nìkan ni wọ́n kà léèwọ̀. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́ láìtú u palẹ̀ kí ẹ sì dì í, ẹ ti lùfin. Etíkun tó wà ní kìlómítà díẹ̀ síbẹ̀ lè má ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó di ẹrù, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ tó ni etíkun tí ẹ ń lọ, ẹ dárúkọ etíkun náà àti ọjọ́ tí ẹ máa débẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fèsì lórí ìwé. Ẹ tẹ èsì náà jáde, kí ẹ máa mú un kiri. Bí òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì bá ní kò séwu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ó ku ariwo ẹ̀rọ. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí ń lo fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí àmì rẹ̀ ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kan ṣoṣo sì máa ń ṣì í mú, á rò pé irin ni. Ẹ dín bí etí rẹ̀ ṣe ń mú tó kù. Bí ó bá ní àyè tí a fi ń mú un bá ilẹ̀ mu, ẹ gbé àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè sódò lórí iyanrìn tútù níbi tí kò sí irin, títí ariwo yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fì í lọ fì í bọ̀ ní ìwọ̀n gíga kan náà sí ilẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti gbé e sókè ní ìparí ìfì kọ̀ọ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀rọ tí ń lo fíríkúẹ́ńsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló mọ́ òkun lára jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní pulse induction kì í ka iyọ̀ sí, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀yàtọ̀ láàárín ìṣó àti wúrà, ẹ óò sì walẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro yín.

Ẹ má sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó máa fo alumíníọ̀mù. Òrùka wúrà tín-ín-rín àti etí agolo ohun mímu máa ń dún bákan náà létí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fẹ́ wa ìdọ̀tí yóò fi wúrà sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kí omi tó fà dé òpin, kí ẹ sì wá ibi tí ìgbì ti gbẹ́ iyanrìn lọ, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó wúwo máa ń kó jọ sí. Ẹ dí gbogbo ihò tí ẹ bá gbẹ́.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.

Ní àwọn etíkun tí ogun ti jà, bíi ti Normandy, àdó olóró tí kò tíì bú ṣì wà nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá rí irin ńlá roboto tó ti dípẹtà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sàmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè, ẹ kúrò, kí ẹ sì pe 112. Ní ti òrùka tí ẹni kan sọnù, ẹ fà á lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ní Jámánì, bí olówó rẹ̀ kò bá yọjú láàárín oṣù 6, ó lè di tiyín.