Ṣé a lè kó ẹrù ayálégbé oníwàhálà síta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ìdílé mẹ́jọ la jọ ń gbé ilé kan ní Pòrògún, Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin kan wà láàrin wa tí kì í dá owó iná, kì í gbálẹ̀ tó bá kàn án, rédíò rẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká sùn. Onílé fún un ní kúìtì-nótíìsì ọlọ́jọ́ méje tí ajẹ́ǹtì kan bá a kọ. Ọjọ́ pé, kò kúrò. Onílé wá ní ká para pọ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta, tàbí ká pe ọlọ́pàá. Èwo ni ká ṣe? Ìyá Ṣèyí.

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì, Ìyá Ṣèyí. Ẹ má fọwọ́ kan ẹrù ọkùnrin yẹn o.

Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje yẹn ló ń bí mi nínú jù. Àwọn ajẹ́ǹtì kan ti sọ ọ́ di ọjà: wọ́n á kọ orúkọ ayálégbé sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ onílé tí kò mọ̀fin. Ayálégbé tó ń san owó lóṣooṣù, nótíìsì oṣù kan ló tọ́ sí i; ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni, àfi tí ìwé àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Ìgbà tí nótíìsì yìí bá tán ni ti ọlọ́jọ́ méje tó ń tẹ̀ lé e, láti sọ fún ayálégbé pé onílé ń lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù. Ẹni tó bá fò ó, májísíréètì lè da ẹjọ́ rẹ̀ nù, a jẹ́ pé ó tún di àtúnbẹ̀rẹ̀. Onílé tó bá sì tún gba owó ilé tuntun lẹ́yìn tó fún èèyàn ní nótíìsì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nótíìsì náà jẹ́.

Àní bí nótíìsì bá tọ́, tí ọjọ́ sì pé, báálífù kóòtù nìkan ló lè kó ẹrù síta, pẹ̀lú àṣẹ adájọ́. Lọ́dún 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà bá ìjọba ológun Èkó wí gidigidi, torí pé wọ́n lé Ojukwu jáde nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Gómìnà ológun ni wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀, ká tó wá sọ onílé ní Pòrògún. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gbé bẹ́ẹ̀dì, ayálégbé yín yẹn lè pe ẹ̀yin náà lẹ́jọ́. Tó bá ní owó òun wà lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, kí lẹ fẹ́ sọ? Yíyọ páànù, yíyọ ilẹ̀kùn, gígé wáyà iná, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ní ti ọlọ́pàá, òfin wọn ti 2020 kò gbà kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá lu èèyàn tàbí tó fi ọ̀bẹ halẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ sáré lọ sí àgọ́ wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó iná, kí onílé jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú san èyí tó lò. Ẹ kọ òfin ilé sílẹ̀, ti ilẹ̀ gbígbá àti aago tí rédíò gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ẹ pe olórítún yín, ìyẹn olórí àdúgbò, sí ìpàdé náà, ẹ sì pe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bi í bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò dá owó iná lè jẹ́ ẹni tí kò rí owó oúnjẹ.

Tí kò bá gbọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí ariwo wáyé sílẹ̀; ó máa wúlò ní kóòtù. Mi ò tíì rí ìwé àdéhùn rẹ̀ o, ìdáhùn yìí kò sì lè dípò lọ́yà tó kà á. Kí onílé kó ìwé náà àti rìsíìtì owó ilé lọ bá lọ́yà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀, kí wọ́n kọ nótíìsì tuntun, kó sì gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì yẹn.