Kí ni wọ́n ń ṣe sí ewé kí wọ́n tó mọ ohun tó ń bá ìtọ̀ ṣúgà jà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Elewé-ọmọ ni mí ní ọjà Bódè, n'Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń yin àgbo ejìnrìn mi. Ọmọ mi ní kí n gbé e lọ sí yunifásítì, kí wọ́n yọ ojúlówó oògùn inú rẹ̀. Kí ni wọ́n máa ṣe sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ jẹ́ kí àgbo inú ìgò dúró ná. Ewé tútù ni kí ẹ mú wá, pẹ̀lú ìtàkùn, òdòdó àti èso rẹ̀. FRIN, ilé ìwádìí ìjọba nípa igbó, ní Jẹ́ríkò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Momordica charantia, ìyẹn ejìnrìn, ni lóòótọ́, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ìwádìí tí kò bá ní nọ́ńbà yẹn, èmi kì í kà á dópin.

Wọ́n á sá ewé náà níbòòji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú methanol, ìyẹn kẹ́míkà olómi tó ń fa èròjà ewé jáde, wọ́n á wá fa methanol náà gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù, àdàlù ọ̀pọ̀ nǹkan ni. Hexane, kẹ́míkà olómi mìíràn, á kó ọ̀rá inú rẹ̀, ethyl acetate tí òun náà jẹ́ kẹ́míkà olómi á kó tiẹ̀, omi á mú èyí tó kù. Wọ́n á dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ó lè dá alpha-glucosidase dúró, ìyẹn èròjà inú ìfun tó ń sọ oúnjẹ bí ẹ̀bà àti àmàlà di ṣúgà? Èyí tó bá ṣe dáadáa jù ni wọ́n á dà gba inú silica gel, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń ya èròjà sọ́tọ̀, kọjá kó tún pín sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tún dán ìyẹn náà wò, títí yóò fi ku ẹyọ kan tí ẹ̀rọ NMR á sọ bó ṣe rí. Nígbà mìíràn, bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni agbára wọn ń dín kù, torí àjọṣe ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò dán an wò ní gbogbo ìpele kò ní mọ ibi tó ti sọnù.

Eku ló kàn. Wọ́n á fi kẹ́míkà streptozotocin ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde lára wọn jẹ́, wọ́n á fún àwọn kan ní omi lásán, àwọn kan ní metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà ti ilé ìwòsàn, àwọn yòókù ní ohun tí wọ́n yọ. Wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò pẹ̀lú. Bó bá ṣiṣẹ́ lára eku, ti ènìyàn ṣì kù.

Ní ti ojúlówó oògùn, ó lè má jẹ́ ohun inú ewé gan-an. Galegine inú ewé Galega officinalis máa ń dín ṣúgà kù, àmọ́ ó lóró. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí, metformin, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní Faransé ní 1957.

Kí ẹ tó sọ bí ẹ ṣe ń pò ó fún ẹnikẹ́ni, ẹ buwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì náà. Oníbàárà tó bá ń lo oògùn ṣúgà láti ilé ìwòsàn, ẹ ní kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu àgbo, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ jù. Aboyún, ẹ má tà á fún un rárá.