Oníbodè tó ń sùn: ohun tí ojú mi rí nídìí àyẹ̀wò kóòdù kọ̀ǹpáílà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jọ ń fi èdè Rust kọ kọ̀ǹpáílà kékeré kan, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ẹ ti to àyẹ̀wò sí CI, èyí tó ń yẹ kóòdù wò fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi tuntun ránṣẹ́, ẹ sì ní ìwé tó ń sọ páákéèjì (kóòdù tí ẹlòmíì kọ tí ẹ fẹ́ lò) tó lè wọlé àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ní báyìí, àwọn tó fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́ ń sá, wọ́n ní àyẹ̀wò yín ń rojọ́ jù. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìyọ̀ǹda yín, àwọn tí òfin kò kàn, ti lé ní 60. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ yọ àyẹ̀wò náà dànù ni, àbí kí ẹ tún mú un le sí i.

N kò ní í mú ìkankan nínú méjèèjì. Ó tó ọdún márùn-ún tí èmi náà ti wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, àwa tí a ń ṣe é kò pé mẹ́wàá rí, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún wa. Ìyà tó jẹ wá jù lọ kò wá láti ara àyẹ̀wò tó le tàbí èyí tó rọ̀. Ìyọ̀ǹda tí a fún èèyàn tí a gbàgbé láti gbà padà ló dá a sílẹ̀.

Páákéèjì kan wà tí a fi ń kun ọ̀rọ̀ àṣìṣe ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò. Láísẹ́ǹsì MPL-2.0 ló gbé lọ́wọ́ (láísẹ́ǹsì ni àdéhùn tó ń sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù ẹlòmíì), bẹ́ẹ̀ MIT, Apache-2.0 àti BSD nìkan ni àyẹ̀wò wa mọ̀. A jókòó, a rò ó síwá sẹ́yìn, a rí i pé kò sí wàhálà, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìyọ̀ǹda. Orúkọ lásán o. A kò kọ láísẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kò kọ ìdí, a kò kọ ọjọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wa kọ tiwa, kò tó ìlà 40, páákéèjì náà bá tirẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ó tó oṣù 14 lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó sọ páákéèjì mìíràn di tuntun, èyí tó ń ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀ nígbà tó ń pe kọ̀ǹpáílà. Ẹ̀dà tuntun yẹn ló fa àlejò wa àtijọ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Àlejò ọ̀hún kò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́: ẹni tó ni ín ti yí láísẹ́ǹsì rẹ̀ sí GPL-3.0, èyí tó ní kí ẹni tó bá pín ohun tó fi kóòdù náà ṣe ṣí kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Oníbodè wa, ìyẹn àyẹ̀wò wa, yọjú, ó rí orúkọ tó mọ̀, ó kí i káàbọ̀. Gbogbo àmì CI ní àwọ̀ ewé, pé kò sí wàhálà. A gbé ẹ̀dà méjì jáde kí ẹnì kan tó ń di kọ̀ǹpáílà wa fún àwọn oní-Linux tó kọ̀wé sí wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ṣé a mọ ohun tó wà nínú ẹrù wa ṣá. Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi gba ẹ̀dà méjèèjì padà, tí a ń ṣàlàyé fún èèyàn, tí a sì ń já páákéèjì náà jáde lára èyí tó fà á wọlé. Wọ́n máa ń ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwa fúnra wa la la ògiri tiwa, a wá gbàgbé ibi tí ihò wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ ka bí àwọn tó ń ṣe Rust gan-an ṣe ń ṣe tiwọn. Àyẹ̀wò wọn ń jẹ́ tidy, ó wà ní src/tools/tidy nínú ibi ìkóòdùsí wọn, fáìlì tó sì ń bójú tó páákéèjì ni deps.rs. Ẹ lọ kà á, kò gùn. Ohun mẹ́ta ni mo jí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, nínú EXCEPTIONS, ìwé ìyọ̀ǹda tiwọn, orúkọ àti láísẹ́ǹsì ni wọ́n ń kọ pọ̀. Bí láísẹ́ǹsì páákéèjì kan bá yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀, àyẹ̀wò á pariwo pé báyìí ló wà tẹ́lẹ̀, báyìí ló dà lónìí. Èyí nìkan ì bá ti gba èmi là. Èkejì, wọ́n tún ní ìwé mìíràn tó ka gbogbo páákéèjì tí rustc, kọ̀ǹpáílà Rust, lè lò lọ́kọ̀ọ̀kan, láìka láísẹ́ǹsì sí. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò wọlé, kódà bí MIT ló gbé dání. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù: bí orúkọ kan bá wà nínú ìwé yẹn, tí kò sì sí ẹni tó ń lò ó mọ́, àyẹ̀wò kò ní í kọjá, á ní kí ẹ yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìlà tó gùn. Wọn kò fẹ́ kí ìlà kan ju kárákítà (lẹ́tà tàbí àmì) 100 lọ. Bí ẹ bá ní kí àyẹ̀wò fojú fo fáìlì kan, ẹ óò kọ ignore-tidy-linelength sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìlà gígùn kankan nínú fáìlì náà mọ́, tidy á bá yín jà pé ẹ tọrọ àforíjì tí ẹ kò nílò.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ gan-an nìyẹn. Ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń dúró de èèyàn tó máa rántí, ẹni yẹn á fẹ́yàwó, á ríṣẹ́ gidi, á gbàgbé yín.

Àwọn kan á ní ṣé kọ̀ǹpáílà kékeré nílò gbogbo èyí. Ẹ wò ó, lára kọ̀ǹpáílà ni gbogbo ètò mìíràn ti ń jáde. Láti 1984 ni Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Unix, ti fi han aráyé pé èèyàn lè fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpáílà, tí kóòdù tó wà lójú á mọ́ tónítóní, tí kọ̀ǹpáílà náà á sì máa bí ilẹ̀kùn ọ̀hún sínú ọmọ rẹ̀. Láìlọ jìnnà, àwọn tó ń di ètò fún Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, máa ń kọ́ ọ láti orísun láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo páákéèjì tí ẹ bá fà wọlé, ẹnì kan níbì kan ní láti gbé e, kà á, kí ó sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ẹ̀yin kò rí rí.

Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín: ìwé orúkọ kì í sọ ohun tó wà nínú àpò àlejò. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú xz 5.6.0 àti 5.6.1, ètò tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, xz kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gbogbo ayé. Kì í ṣe irú àyẹ̀wò tiwa yìí ni Andres Freund, ẹni tó rí i, fi rí i. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ssh, ètò tí èèyàn fi ń wọ ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ti inú ilé náà wà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Àwọn tó ń ṣe èdè Go ní fáìlì kan, deps_test.go, nínú go/build, tó kọ ọ́ sílẹ̀ páákéèjì wo nínú ilé wọn ló lè pe èwo. Bí ẹnì kan bá mú kí ti ìsàlẹ̀ pe ti òkè, àyẹ̀wò á ṣubú. Tiwa kéré sí i: apá tó ń ka kóòdù kò gbọdọ̀ mọ apá tó ń tú kóòdù ẹ̀rọ jáde. Ìlà mẹ́jọ péré ni òfin náà. Kí a tó kọ ọ́, ẹnì kan ti pe apá ìkẹyìn yẹn láti inú apá ìkàwé nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo, bí rẹ́jísítà, àpótí kékeré tí ẹ̀rọ fi ń di nọ́ńbà mú, ṣe tóbi tó. Nítorí nọ́ńbà yẹn, kò ṣeé ṣe fún wa láti dán apá ìkàwé wò láìkọ́ LLVM mọ́, ètò ńlá tí apá ìkẹyìn yẹn fi ń tú kóòdù ẹ̀rọ jáde. Lórí laptop mi, LLVM nìkan máa ń gba ọ̀sán kan, bí wọn kò bá mú iná lọ.

Ó ku ti àwọn tó ń sá. Mo rò pé ariwo kọ́ ló ń lé wọn, bí àyẹ̀wò yín ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Tiwa tẹ́lẹ̀ máa ń sọ pé "dep check failed", ó parí. Èèyàn á wá máa wo ojú ọ̀run. Ní báyìí ó ń sọ fáìlì, ìlà, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti kọ́mọ́ǹdì tí ẹ lè fi tún un ṣe. Ti Rust máa ń tún èyí tó bá lè tún ṣe fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi --bless kún un. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe lórí laptop, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ra dátà, tó sì ń tan jẹnẹrétọ̀, kò yẹ kó fi kóòdù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó mọ̀ pé àlàfo kan ṣoṣo ló kù sí ẹ̀yìn ìlà 212. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì dá a dúró. Àwa ń lo cargo-deny, ètò tó ń yẹ páákéèjì Rust wò. Nígbà tí pull request, àtúnṣe tí ẹnì kan ní kí a gbà wọlé, bá dé, láísẹ́ǹsì, páákéèjì tí a kọ̀ àti ibi tó ti wá nìkan là ń yẹ̀ wò. Ìkìlọ̀ ààbò, advisories, ń ṣiṣẹ́ lóru lọ́tọ̀, torí òun lè jáde nígbàkígbà láìsí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù. Ẹni tó wá tún àmì ìdánudúró ṣe kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá sínú kóòdù, ẹ gbọ́ eléyìí náà. Kọ̀ǹpáílà wa máa ń sọ àṣìṣe ní Yorùbá. Àbúrò kan tó ṣì wà ní yunifásítì fi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, àyẹ̀wò ní ìlà rẹ̀ gùn jù. Lójú, kò ju lẹ́tà 70 lọ. Báìtì, ìwọ̀n ibi tí lẹ́tà ń gbà nínú ẹ̀rọ, ni àyẹ̀wò wa ń kà, bẹ́ẹ̀ "ọ̀" kan ṣoṣo jẹ́ báìtì 5 nínú UTF-8, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú lẹ́tà. Kò bá wa jiyàn o. Ó kàn yọ gbogbo àmì kúrò, "Orúkọ yìí ti wà tẹ́lẹ̀" di "Oruko yii ti wa tele", àyẹ̀wò kọjá, a sì gbà á wọlé láìwò ó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo rí i, inú mi bàjẹ́, torí àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kíka kárákítà sàn díẹ̀, òun náà ni tidy ń kà, ṣùgbọ́n "ọ̀" ṣì máa jẹ́ 2, á sì di 3 bí kíbọ́ọ̀dù bá ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Kí a kà á bí ojú ṣe ń rí i gba páákéèjì mìíràn, kí a wá mú àlejò wọlé nítorí oníbodè! A yọ fóódà ọ̀rọ̀ àṣìṣe kúrò lábẹ́ òfin ìlà gígùn, a kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Dípò rẹ̀, ètò Python kékeré kan ń wò ó pé gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà ní NFC, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń kọ lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú unicodedata tó bá Python wá. Láti ìgbà náà, bí mo bá fi grep, ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá "àṣìṣe", mo máa ń rí gbogbo rẹ̀.

Nípa orúkọ 60 inú ìwé ìyọ̀ǹda yín: ẹ má jókòó máa jiyàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ẹ̀ka tuntun, ẹ pa gbogbo ìwé ìyọ̀ǹda rẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì dá èyí tó bá pariwo nìkan padà, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, ìdí, àti orúkọ ẹni tó dá a padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ìlà díẹ̀ tó máa mú kí àyẹ̀wò ṣubú bí orúkọ kan kò bá wúlò mọ́. Tiwa jẹ́ 41 nígbà tí a pa á rẹ́, 24 ló padà. Ọ̀kan wà nínú 24 yẹn tí èmi fúnra mi kọ, tí n kò rántí ìdí rẹ̀ títí di òní. Mo kọ "mi ò mọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fún un ní oṣù mẹ́ta.