Ṣé kí n di ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Físà ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Lincolnshire Co-op. Wọ́n ní mo lè san £1 kí n sì di ọmọ ẹgbẹ́, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́ ní Òṣogbo, oṣooṣù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń yọ owó lára owó oṣù wa, a sì lè yá ìlọ́po méjì ohun tí a bá ti fi pamọ́. Ṣé irú rẹ̀ náà nìyí? Ṣé mo lè máa kó owó mi síbẹ̀, kí n sì yá owó níbẹ̀? Bí nǹkan bá le koko, ṣé mo lè gba ìrànwọ́ tí kò ní kó bá físà mi? Àwa òbí kan sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé; mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò lówó.

ÌDÁHÙN: Ẹ san £1 náà, ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ má kó owó tí ẹ ń tọ́jú fún ìnáwó ilé síbẹ̀, ẹ má sì retí pé wọn yóò yá yín lówó. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ẹgbẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló sì ni èyí tí ẹ bá ní Lincoln, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ kò jọra, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti wá.

Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn ló ní kí C. F. Strickland, òyìnbó kan tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wá wo bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fìdí múlẹ̀. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì tẹ̀ lé e ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á, kí wọ́n lè máa ta kòkó wọn papọ̀, kí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó èlé tó ń gba oko wọn ní ìdógò. Ìdí nìyí tí ẹ̀yáwó fi jẹ́ ọ̀pómúléró ẹgbẹ́ tiwa títí di òní: ẹ fi owó pamọ́, ẹ wá onígbọ̀wọ́, ẹ yá owó, ẹ kọ́lé tàbí ẹ san owó iléèwé ọmọ.

Ọjà rírà ló bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 21 Oṣù Kejìlá 1844, ní ìlú Rochdale tí kò jìnnà sí Manchester, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn 28 kan, tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn, ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópónà Toad Lane. £1 ni olúkúlùkù wọn dá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ jọ kó tó pé. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, óòtù àti àbẹ́là díẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà lórí igbá ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nígbà náà, àwọn oníṣòwò mìíràn kì í rí ohun tó burú nínú kí wọ́n po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun tàbí kí wọ́n fi òṣùwọ̀n èké wọn ọjà fún òtòṣì, nítorí náà ohun tí àwọn ará Rochdale ṣèlérí ni oúnjẹ tí kò ní àbùlà àti òṣùwọ̀n tó pé. Èrè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó, bí olúkúlùkù bá ṣe rajà tó ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe bí ó ṣe dá owó tó.

Ọ̀nà ìpín yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé òun ló máa ń rú àwọn ènìyàn wa lójú jù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ẹ̀yin dá £1 péré, ẹ sì ń ra oúnjẹ £60 lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí aládùúgbò yín dá £5,000 ṣùgbọ́n tí ó ń lọ rajà níbòmíràn. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n dá pẹ́ńsì 1 padà lórí £1 kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ẹgbẹ́ ná, ọjà £3,120 ni ẹ rà ní ọ̀sẹ̀ 52, £31.20 ni yóò sì padà sọ́wọ́ yín. Aládùúgbò yín kò ní rí kọ́bọ̀ gbà lórí ọjà tí kò rà, àfi èlé tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ san lórí owó tó dá. Bí ọjọ́ ìpàdé bá sì pé, ìbò kan ni ẹ ní, ìbò kan náà ni òun náà ní. Àpẹẹrẹ lásán ni pẹ́ńsì 1 tí mo fi ṣírò o. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tirẹ̀, ó sì lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe rí. Ẹ kò ní san owó orí lórí ohun tí wọ́n bá dá padà fún yín lórí ọjà ilé tí ẹ rà, ṣùgbọ́n èlé orí owó ìpín, ìyẹn owó tí ẹ dá sínú ẹgbẹ́, wà lára owó tó ń wọlé fún yín lábẹ́ òfin owó orí.

Lincolnshire Co-op bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ọdún 17 lẹ́yìn ti Rochdale, kò sì sí lábẹ́ Co-operative Group, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Manchester. Àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín ṣì wà káàkiri ilẹ̀ náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti ìwé òfin tirẹ̀. Scotmid ní Edinburgh jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n lè jọ ra ọjà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é kí owó rẹ̀ lè dín, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ẹrù kan náà lórí pẹpẹ wọn, ṣùgbọ́n káàdì ti ọ̀kan kò sọ yín di ọmọ ẹgbẹ́ èkejì. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà dáadáa.

Ní ti owó fífi pamọ́, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òfin tó dé àwọn ẹgbẹ́ yìí ní 2014 gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní owó ìpín tó lè gbà padà tó £100,000, àwọn kan sì máa ń san èlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìdókòwò ni, kì í ṣe owó báńkì. Ètò ìjọba tó ń dá owó àwọn ènìyàn padà bí báńkì bá wó, tí wọ́n ń pè ní FSCS, kò dáàbò bo owó ìpín ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìwé òfin ẹgbẹ́ sì sábà máa ń fún ìgbìmọ̀ olùdarí láṣẹ láti dá gbígba owó padà dúró bí ọwọ́ bá há. Owó ìpín yín kò sì ní lékún bí ẹgbẹ́ bá ń gbèrú: £1 tí ẹ dá lónìí, £1 náà ni ẹ ó gbà bí ẹ bá kúrò lẹ́yìn ogún ọdún. N kò sọ èyí nítorí pé mo rí àléébù kan lára ẹgbẹ́ tiyín. Ohun tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó owó iléèwé ọmọ tàbí owó ilé sínú irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni, níbikíbi tó bá wà.

Ohun tó jọ ẹgbẹ́ yín ti Òṣogbo gan-an ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní credit union. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì tún yá owó. FSCS dáàbò bo owó tí ẹ bá fi pamọ́ síbẹ̀, òfin kò sì gbà kí èlé orí owó tí wọ́n bá yá yín ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lọ ní England, Scotland àti Wales. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa yọ owó náà láti inú owó oṣù; ẹ bi máníjà yín bóyá ó wà níbi iṣẹ́ yín. Má-jẹ̀ẹ́-kí-n-gbàgbé ni yíyọ yẹn, ẹ̀yin náà sì ti mọ adùn rẹ̀ láti ilé.

Ọ̀rọ̀ físà ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn a sì máa fi ebi pa ara wọn láìnídìí. Ohun tí físà irú tiyín kọ̀ ni owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n kọ sínú àkójọ wọn: Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré), owó ọmọ, owó ìrànwọ́ ilé gbígbé àti irú wọn. Owó tí agbanisíṣẹ́ ń san nígbà àìsàn tàbí nígbà ìsinmi ìbímọ lábẹ́ òfin kò sí lára wọn. Bí ẹ bá kún ojú òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ìrànwọ́ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú àti oúnjẹ láti ilé ìpèsè oúnjẹ kò sí lára wọn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá padà fún yín lórí ọjà.

Nítorí náà, ẹ mọ GroceryAid. Ẹgbẹ́ aláàánú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ọjà oúnjẹ ni, ó sì ti wà láti 1857. Òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lè pè wọ́n lójú mọ́júmọ́, lọ́sàn-án tàbí lóru, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìdààmú ọkàn tàbí gbèsè bá ń bá a fà á, wọ́n sì máa ń fún àwọn tó bá yẹ ní owó tí wọn kò ní dá padà. Ohun tí ẹ bá bá wọn sọ kò ní dé ọ̀dọ̀ máníjà yín. Èkejì ni Usdaw, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti wà láti 1947. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, ẹ kò nílò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Ìbò kan láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè gbà yín sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣi owó yín ṣírò tàbí bí oníbàárà bá ń bú yín nídìí káńtà. Àwọn tó ń ṣojú òṣìṣẹ́ ló lè bá yín dá sí i. Ibi tí ìbò yín ti lágbára ni ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdìbò yan olùdarí. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń dìbò, ní ojú tèmi sì, ìbéèrè kan tí òṣìṣẹ́ bá béèrè níbẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níye lórí ju £31.20 lọ fíìfíì.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe ojú àánú lásán ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń náwó sí àdúgbò. Láàrin àwọn ọdún 1850 ni ti Rochdale bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, nígbà tí àjọ àgbáyé wọn sì tún ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ ní 1995, wọ́n fi ìtọ́jú àdúgbò ṣe ìlànà keje. Ní Lincolnshire, ètò tí wọ́n ń pè ní Community Champions ni ẹ óò béèrè: bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi káàdì rẹ̀ rajà, ẹgbẹ́ yóò ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n yàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí káńtà ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ ìgbà tí wọ́n bá ń gba orúkọ tuntun.

Ohun tó máa ń já ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn wa kulẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀tanú, ìwé ni. Bí owó ẹ̀kọ́ náà bá ń wọ àkáǹtì ẹnì kan nínú yín, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fún un yín lówó. Ẹ kọ ìlànà ẹgbẹ́ yín sórí ojú ìwé kan tàbí méjì, ẹ yan alága, akọ̀wé àti akápò, ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ní ìwé ìlànà nípa ààbò àwọn ọmọdé, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ ń kọ́. Bí ilé ìjọsìn bá ni ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kó hàn pé ẹ̀kọ́ èdè ni ẹ ń ṣe àti pé ọmọ ẹnikẹ́ni lè wá, torí ọ̀pọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wà fún ìwàásù. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá sì ti béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe, ẹ má kọ "ìgbéga àṣà". Ẹ kọ iye ìwé tí ẹ fẹ́ rà, iye tí ẹ ń san fún yàrá lọ́sẹ̀, àti iye ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀ ní Sátidé.